Bí ẹ ṣe lè tọpa gbogbo ilé tí Arsenal ti gbé, láti Plumstead dé Holloway, láàárín ọjọ́ kan

Ọ̀pọ̀ olólùfẹ́ ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Arsenal tó bá dé Lọ́ńdọ̀nù, pápá Emirates ni wọ́n máa ń sáré lọ. Wọ́n á ya fọ́tò, wọ́n á ra jẹ́sì, wọ́n á sì gba ilé lọ. Kò burú, àmọ́ ilé tuntun nìkan ni wọ́n rí, wọn ò rí ọ̀nà tí onílé gbà débẹ̀. Láti 1886 títí di òní, pápá mẹ́fà ni ẹgbẹ́ yìí ti fi ṣe ilé, ṣùgbọ́n ìgbà méje ni ó gbélé, nítorí ó kúrò ní ọ̀kan, ó tún padà síbẹ̀. Omi lé e kúrò níbì kan. Owó ilẹ̀ lé e kúrò níbòmíràn. Àìrí òǹwòran ló gbé e kọjá odò Thames, àìsí àyè ló sì gbé e kúrò ní Highbury, ilé tó ṣáájú Emirates. Ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ṣí wọn nídìí, ilẹ̀ náà sì ṣì wà níbẹ̀ tí ẹni bá fẹsẹ̀ rìn ín yóò rí ohun tó ṣẹlẹ̀. Bí ẹ ó ṣe rìn ín la kọ síbí, láti ìbẹ̀rẹ̀ lọ sí òpin, kì í ṣe láti Emirates padà sẹ́yìn. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ láti òpin kò ní mọ ìdí tí wọ́n fi kó ẹrù.

Kí ọjọ́ náà tó pé

Ẹ kọ́kọ́ wá ọjọ́ tí ìdíje kankan kò sí ní Emirates. Àṣìṣe tó máa ń ba ìrìn yìí jẹ́ jù nìyí. Lọ́jọ́ ìdíje, èrò kò ní jẹ́ kí ẹ dúró wo ohunkóhun ní Gillespie Road, wọ́n sì máa ń dín bí èèyàn ṣe ń lo stéṣọ̀n Holloway Road kù. Ẹ má wo ètò ìdíje àwọn ọkùnrin nìkan o. Ẹgbẹ́ obìnrin Arsenal náà ń gbá bọ́ọ̀lù ní Emirates, àwọn olórin sì máa ń ṣeré níbẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Àárín ọ̀sẹ̀ ló dára jù, torí ọjọ́ Sunday ni wọ́n sábà máa ń tún ojú irin ṣe, ìrìn àjò yín sì kọjá láti gúúsù ìlú dé àríwá.

Ẹ ya wákàtí mẹ́fà sí méje sọ́tọ̀. Bí ó bá jẹ́ oṣù Kejìlá, ẹ bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ó pẹ́ tán, nítorí ilẹ̀ ti ń ṣú kí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ tó lù. Bàtà tó lè wọ ẹrẹ̀ ni kí ẹ wọ̀. Koríko Plumstead Common máa ń rin gbingbin lẹ́yìn òjò. Káàdì báńkì tàbí Oyster (káàdì ọkọ̀ Lọ́ńdọ̀nù) kan ṣoṣo ni kí ẹ fi wọ gbogbo ọkọ̀ ọjọ́ náà. Bí ẹ bá ń fi ọ̀kan wọlé tí ẹ ń fi òmíràn jáde, owó gọbọi ni wọn yóò yọ lórí méjèèjì.

Iṣẹ́ màápù ló kàn, alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ni kí ẹ ṣe é. Ilé ìkówèésí orílẹ̀-èdè Scotland, National Library of Scotland, ní ojú ìwé kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n kó àwọn màápù Ordnance Survey àtijọ́ sí, ọ̀fẹ́ sì ni. Ẹ wá Plumstead níbẹ̀, ẹ mú màápù 25-inch tó wà láàárín ọdún 1890 sí 1915, kí ẹ wá fà á tẹ́ lórí àwòrán òde òní. Ohun kékeré kan wà níbẹ̀ tí ẹ lè fà síwá sẹ́yìn kí màápù àtijọ́ fi máa hàn, kí ó tún máa pòórá. Ohun tí ẹ ń wá ni ibi tí ilé parí sí tí àbàtà ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ ya àwòrán ojú fóònù yín ní ibi mẹ́ta: àgbègbè Hector Street, ibi tí Nathan Way wà báyìí, àti Highbury. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì lè já yín kulẹ̀ lábẹ́ ilẹ̀, àwòrán tó ti wà nínú fóònù kì í já èèyàn kulẹ̀.

Ẹ mú ìwé kékeré kan dání. Fún pápá kọ̀ọ̀kan, ìbéèrè márùn-ún ni ẹ ó dáhùn: ta ló ni ilẹ̀? báwo ni ẹgbẹ́ ṣe dé ibẹ̀? níbo ni òǹwòran dúró sí? kí ló lé wọn? kí ló wà níbẹ̀ báyìí? Ìbéèrè kẹrin ni kókó. Ẹni tó kọ ọdún àti iye góòlù nìkan ti kọ àkọsílẹ̀, kò tíì kọ ìtàn.

Woolwich: ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu iṣẹ́

Ẹ wọ ọkọ̀ ojú irin Elizabeth line, ẹ sọ̀kalẹ̀ ní Woolwich. Stéṣọ̀n méjì ló wà nítòsí ara wọn níbẹ̀, wọ́n sì máa ń ṣi àwọn èèyàn lọ́nà: Woolwich ti Elizabeth line wà nínú ọgbà Royal Arsenal gan-an, Woolwich Arsenal sì wà lódìkejì òpópónà ńlá. Bí ẹ bá sọ̀kalẹ̀ sí èkejì, ìrìn ìṣẹ́jú díẹ̀ ni yóò mú yín padà.

Royal Arsenal ni ilé iṣẹ́ ohun ìjà ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tẹ́lẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń rọ ìbọn àgbá, ìdí nìyẹn tí àgbá fi wà lára àmì ẹgbẹ́ títí dòní. Ẹ wá ilé àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní Dial Square. Ilé ọtí ló wà níbẹ̀ báyìí, àmọ́ ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ṣì wà bó ṣe wà, aago òòrùn sì wà lókè rẹ̀. Ẹ dúró lábẹ́ rẹ̀ kí ẹ gbójú sókè. Lára orúkọ ẹ̀ka ilé iṣẹ́ yìí ni àwọn òṣìṣẹ́ tó dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ lọ́dún 1886 ti mú orúkọ wọn àkọ́kọ́, Dial Square. David Danskin, ọmọ Scotland, wà lára àwọn tó síwájú wọn. Ọjọ́ 11 oṣù Kejìlá 1886 ni wọ́n gbá ìdíje àkọ́kọ́, wọ́n fi 6-0 na Eastern Wanderers ní Isle of Dogs, lódìkejì odò. Ìdíje yẹn kò sí nílé, nítorí náà kò gbọdọ̀ wọ àkọsílẹ̀ pápá yín. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí wọ́n yí orúkọ padà sí Royal Arsenal.

Plumstead Common: pápá tí kò ní ògiri

Láti Royal Arsenal dé Plumstead Common tó nǹkan bí ìṣẹ́jú 30 lẹ́sẹ̀, òkè sì ni. Bí orúnkún bá ń yọ yín lẹ́nu, ẹ wọ bọ́ọ̀sì. Bí ẹ bá dé òkè, ẹ rìn wọ àárín koríko.

Ibí ni ilé àkọ́kọ́. Ọjọ́ 8 oṣù Kìíní 1887 ni wọ́n gbàlejò Erith síbí, wọ́n sì fi 6-1 nà wọ́n. Ẹ wo yíká: kò sí ògiri, kò sí géètì. Ilẹ̀ gbogbogbò ni, ó sì ṣì jẹ́ ti gbogbogbò títí di òní, ẹnikẹ́ni lè gba ibẹ̀ kọjá pẹ̀lú ajá rẹ̀. Ẹ bi ara yín ní ìbéèrè kan: níbo lẹ ó dúró sí tí ẹ bá fẹ́ gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ òǹwòran? Kò síbẹ̀. Ẹgbẹ́ tí kò bá lè gba owó ní ẹnu ọ̀nà kò lè ra bọ́ọ̀lù, kò lè san owó ọkọ̀ fún àlejò, kò sì lè dàgbà. Ìdí tí wọn kò fi lò ju àkókò ìdíje kan lọ níbẹ̀ nìyẹn. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀: *àìsí ògiri*.

Kí ẹ tó sọ̀kalẹ̀, ẹ wá ibi tí ẹ ti lè rí apá àríwá. Bí ilẹ̀ ṣe ń rọ̀ wálẹ̀ lọ sí odò Thames ni kí ẹ wò dáadáa. Gbogbo ohun tó kàn, ìsàlẹ̀ yẹn ló ti ṣẹlẹ̀, ìsàlẹ̀ sì ni omi máa ń ṣàn sí.

Ọ̀rọ̀ kan lórí ètò ìrìn

Ibí ni àkọsílẹ̀ ọ̀pọ̀ èèyàn ti máa ń dàrú. Ètò ọdún ni: Plumstead Common (1886 sí 1887), Sportsman Ground (1887 sí 1888), Manor Ground (1888 sí 1890), Invicta Ground (1890 sí 1893), Manor Ground lẹ́ẹ̀kejì (1893 sí 1913), Highbury (1913 sí 2006), Emirates (2006 títí di òní). Ṣùgbọ́n lójú ọ̀nà, Invicta lẹ ó kọ́kọ́ kàn bí ẹ bá ń bọ̀ láti orí òkè, kí ẹ tó dé Manor. Ẹ má tìtorí pé ẹ kọ́kọ́ rí Invicta kọ ọ́ ṣáájú. Fún Manor, ojú ewé méjì ni kí ẹ yà sọ́tọ̀, ọ̀kan fún ìgbà àkọ́kọ́, ọ̀kan fún ìpadàbọ̀.

Ní ti Sportsman Ground, ẹ má wulẹ̀ wá a kiri. Etí àbàtà Plumstead ló wà, oko ẹlẹ́dẹ̀ ni tẹ́lẹ̀, kò sì sí ohunkóhun tó kù níbẹ̀ tí ojú lè rí. Ohun tó ṣe pàtàkì nípa rẹ̀ ni pé wọ́n rí i sé, wọ́n sì lè gba owó wíwọlé. Àmọ́ àbàtà kì í fi ìwà àbàtà sílẹ̀. Lọ́dún 1888, ọjọ́ tí wọn yóò gbá pẹ̀lú Millwall, omi ti bo pápá. Wọ́n kó ìdíje náà lọ sí pápá tó wà nítòsí rẹ̀, Manor, bí ẹgbẹ́ ṣe kó ẹrù nìyẹn. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀: *omi*.

Hector Street: ibi tí owó ilẹ̀ ti lé wọn

Ẹ sọ̀kalẹ̀ sí Plumstead High Street, kí ẹ yà sí Mineral Street àti Hector Street. Orúkọ òpópónà àkọ́kọ́ yẹn ti sọ ìdajì ìtàn fún yín. George Weaver, tó ń ta omi inú ìgò tí wọ́n ń pè ní mineral water, ló ni ilẹ̀ náà. Pápá náà ní ibi ìjókòó, ó ní àtẹ̀gùn ìdúró, ó ní yàrá ìmúra, ohun tí Manor kò ní nígbà náà. Invicta ni orúkọ rẹ̀, ọ̀rọ̀ Látìn tó wà lára àmì agbègbè Kent, torí Kent ni Plumstead wà kí wọ́n tó kó o mọ́ Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1889.

Ọdún 1891, nígbà tí wọ́n wà níbí, ni Royal Arsenal bẹ̀rẹ̀ sí í san owó oṣù fún agbábọ́ọ̀lù. Lọ́dún 1893, wọ́n gbà wọ́n wọ Football League, àwọn ni ẹgbẹ́ àkọ́kọ́ láti gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó wọ ibẹ̀. Onílẹ̀ gbọ́ pé owó fẹ́ wọlé, ló bá fi kún owó ilẹ̀, láti £200 lọ́dún sí £350. Ẹ̀yin tí ẹ ti gbé ilé onílé rí ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí ní Èkó, ẹ mọ irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀. Ẹgbẹ́ kọ̀, ó dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀, ó pín in sí ìpín 4,000 ní £1 ẹyọ kọ̀ọ̀kan, ó sì fi owó náà ra Manor Ground pátápátá. Láti ọjọ́ náà ni òṣìṣẹ́ Woolwich fúnra rẹ̀ ti di onílẹ̀. Weaver sì pàdánù ayálégbé tó dára jù, kò pẹ́ tí wọ́n fi kọ́ ilé sórí pápá rẹ̀.

Wọ́n mọ̀ ọ́n bí ẹni mowó pé díẹ̀ nínú àtẹ̀gùn kọnkéré ìdúró Invicta kù sí ẹ̀yìnkùlé àwọn ilé Hector Street. Ilé àdáni ni. Ẹ má kan ilẹ̀kùn ẹnikẹ́ni, ẹ má sì gbé fóònù lé orí ọgbà wọn. Ẹ rìn gba òpópónà náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí ẹ máa ka ìṣísẹ̀ yín. Gígùn pápá bọ́ọ̀lù kò ju nǹkan bí 100 mítà lọ, ẹ ó sì mọ̀ lára bí pápá ṣe gba inú àdúgbò kékeré yẹn. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀: *owó ilẹ̀*.

Plumstead High Street ni kí ẹ ti jẹun. Woolwich, Plumstead àti Thamesmead jẹ́ àdúgbò tí àwọn ọmọ Nàìjíríà pọ̀ sí gan-an, ẹ ó gbọ́ Yorùbá lójú ọ̀nà kí ẹ tó rí ẹni tó ń sọ ọ́. Ẹ yó dáadáa, torí ọkọ̀ tó kàn gùn.

Manor Ground: ẹ gun orí ọ̀pá ẹ̀gbin

Bí ẹ bá ń rìn lọ sí stéṣọ̀n Plumstead, ìsàlẹ̀ tó wà lódìkejì ojú irin, níbi tí Nathan Way gbà kọjá, ni Manor wà. Àwọn ilé ìkẹ́rùsí àti ilé iṣẹ́ ló bo gbogbo rẹ̀ báyìí. Ẹni tó bá rìn wọ àárín wọn kò ní rí nǹkankan ju ọkọ̀ akẹ́rù lọ, yóò sì bínú pé òun fi àkókò ṣòfò. Ẹ má wọ ibẹ̀. Ẹ wá ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Ridgeway, tó bẹ̀rẹ̀ nítòsí stéṣọ̀n, kí ẹ gun un.

Ọ̀nà yẹn ga ju ilẹ̀ tó yí i ká lọ. Ìdí rẹ̀ ni pé orí ọ̀pá ńlá tó ń kó ẹ̀gbin gúúsù Lọ́ńdọ̀nù lọ sí Crossness ni ẹ dúró lé. Joseph Bazalgette, onímọ̀ ẹ̀rọ, ló ṣètò rẹ̀ láyé Queen Victoria, ó ti wà níbẹ̀ kí ẹgbẹ́ tó dé. Ohun tí ẹ ń ṣe lórí rẹ̀ yẹn náà ni àwọn òǹwòran tí kò lówó ṣe: wọ́n gun orí ọ̀pá, wọ́n wo Arsenal lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ yíjú sí apá ibi tí àwọn ilé ìkẹ́rùsí wà, kí ẹ mú àwòrán màápù inú fóònù yín jáde, kí ẹ fi wé ohun tí ẹ ń rí. Ẹ ó mọ̀ ní kíá bí òórùn àbàtà àti ọ̀pá ẹ̀gbin ṣe máa ń pàdé àlejò tó bá ti ìlú jíjìn wá.

Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ lò ó lọ́dún 1888, pápá lásán ni. Bí èrò bá fẹ́ pọ̀, wọ́n á yá kẹ̀kẹ́ ẹrù àwọn ológun wá kí àwọn èèyàn lè dúró lé e. Nígbà ìpadàbọ̀ ni wọ́n kọ́ ibi ìjókòó gidi. Ọjọ́ 2 oṣù Kẹsàn-án 1893 ni wọ́n gbá ìdíje líìgì àkọ́kọ́ wọn níbí pẹ̀lú Newcastle United, ó parí sí ọ̀mì 2-2. Lọ́dún 1904 wọ́n kọ́ òkè ìdúró kan, wọ́n sì sọ ọ́ ní Spion Kop, orúkọ òkè tí wọ́n ti jagun ní South Africa lọ́dún 1900. Ẹ fi àmì sí èyí nínú ìwé yín, torí orúkọ Kop tí gbogbo ayé mọ̀ mọ́ Liverpool, ọdún 1906 ló dé Anfield.

Ọ̀fìn kan wà tí ẹ gbọ́dọ̀ yẹra fún níbí. Lọ́dún 1895, wọ́n ti Manor pa fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún nítorí ìjà àwọn òǹwòran, ẹgbẹ́ sì lọ gbá ìdíje ilé rẹ̀ níbòmíràn, ní Leyton àti ní Gillingham. Èyí kò sọ àwọn pápá yẹn di ilé. Ẹ ya ojú ewé kan sọ́tọ̀ lẹ́yìn ìwé yín, ẹ pè é ní *ibi àyálò*, kí gbogbo irú rẹ̀ máa lọ síbẹ̀. Tottenham yóò wà níbẹ̀, Wembley yóò sì wà níbẹ̀.

Kí ló wá lé wọn kúrò lórí ilẹ̀ tí wọ́n fi owó ara wọn rà? Ibẹ̀ jìn. Ọkọ̀ ojú irin kò yá, òṣìṣẹ́ Woolwich nìkan kò sì tó láti kún pápá. Lọ́dún 1910 owó tán pátápátá, Henry Norris, tó ti ń darí Fulham, gba ẹgbẹ́ náà. Ó kọ́kọ́ fẹ́ pa á pọ̀ mọ́ Fulham, líìgì kọ̀. Ó wá wá ilẹ̀ sí àríwá ìlú. Ọjọ́ 26 oṣù Kẹrin 1913 ni wọ́n gbá ìdíje ìkẹyìn ní Manor, ọ̀mì 1-1 pẹ̀lú Middlesbrough, nígbà tí wọ́n ti wà ní ìsàlẹ̀ pátápátá ní Division Kìíní. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀: *ọ̀nà jíjìn*.

Ìrìn tó kọjá odò

Láti Plumstead, ẹ wọ ọkọ̀ ojú irin Thameslink tó ń lọ sí Luton. Ọkọ̀ kan náà ni yóò gbé yín dé St Pancras, ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 40. Ẹ wo aago nígbà tí ẹ bá jókòó àti nígbà tí ẹ bá sọ̀kalẹ̀. Ọkọ̀ iná mànàmáná òde òní nìyẹn; ẹ fojú inú wo ti 1910 pẹ̀lú èéfín. Ní King's Cross St Pancras, ẹ bọ́ sí ọkọ̀ abẹ́ ilẹ̀ Piccadilly line tó ń lọ sí àríwá. Caledonian Road, Holloway Road, ìkẹta ni Arsenal.

Ẹ má sọ̀kalẹ̀ ní Highbury & Islington nítorí pé ẹ rí orúkọ Highbury. Ìrìn ẹsẹ̀ gidi ló kù láti ibẹ̀, ẹ ó sì pàdánù ohun àkọ́kọ́ tó yẹ kí ẹ rí. Lórí pèpéle stéṣọ̀n Arsenal, kí ẹ tó jáde, ẹ wo ara ògiri. Àwọn táìlì ńlá tó kọ GILLESPIE ROAD ṣì wà níbẹ̀. Orúkọ stéṣọ̀n nìyẹn títí di ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá 1932, nígbà tí akọ́nimọ̀ọ́gbá Herbert Chapman jà fitafita tí wọ́n fi yí i padà sí orúkọ ẹgbẹ́. Ẹgbẹ́ tí ọ̀nà jíjìn lé kúrò ní Plumstead ti sọ ọkọ̀ abẹ́ ilẹ̀ di ilẹ̀kùn ilé rẹ̀. Bí ẹ bá ń gun ọ̀nà gígùn tó yọ sókè, ẹ wo irin tó pín in sí méjì. Èrò ọjọ́ ìdíje ni wọ́n ṣe é fún.

Highbury: ọdún 93

Ẹ gba Gillespie Road dé Avenell Road, kí ẹ dúró lódìkejì ibi ìjókòó ìlà-oòrùn. Ẹ fara balẹ̀ níbí ju ibikíbi lọ. Ògiri funfun, àmì àgbá, lẹ́tà AFC lókè ẹnu ọ̀nà: ọdún 1936 ni wọ́n kọ́ ọ, ó sì gba £130,000. Ti ìwọ̀-oòrùn, tó dojú kọ ọ́ láti apá Highbury Hill, ni wọ́n kọ́kọ́ kọ́, £45,000 ni, Prince of Wales ló sì ṣí i ní ọjọ́ 10 oṣù Kejìlá 1932. Claude Ferrier àti William Binnie ni ayàwòrán ilé. Gbọ̀ngàn tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn ìlà-oòrùn ni wọ́n ń pè ní Marble Halls, bó tilẹ̀ jẹ́ pé terrazzo (sìmẹ́ǹtì tí wọ́n pò mọ́ àfọ́kù òkúta) ló wà nílẹ̀ rẹ̀, kì í ṣe mábù.

Kí gbogbo èyí tó wà, pápá ìṣeré ilé ẹ̀kọ́ àwọn àlùfáà ni, St John's College of Divinity. Norris háyà rẹ̀ fún ọdún 21 ní £20,000. Nínú àdéhùn náà, wọn kò gbọdọ̀ gbá bọ́ọ̀lù ní ọjọ́ Kérésìmesì àti ní ọjọ́ Ẹtì tí wọ́n kan Jésù mọ́ àgbélébùú. Àwọn ará àdúgbò lòdì sí i, Tottenham àti Clapton Orient lòdì sí i, ìgbìmọ̀ líìgì sì gbà á láyè. Archibald Leitch ló ya ibi ìjókòó àkọ́kọ́. Wọ́n gbá ìdíje àkọ́kọ́ ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹsàn-án 1913, wọ́n fi 2-1 na Leicester Fosse, nígbà tí pápá kò tíì parí. George Jobey fara pa lọ́jọ́ náà, kẹ̀kẹ́ oníwàrà ni wọ́n fi gbé e kúrò. Lọ́dún 1925, ẹgbẹ́ ra ilẹ̀ náà pátápátá ní £64,000, òfin ọjọ́ mímọ́ sì parí.

Nígbà tí ẹ bá ń kọ iye òǹwòran, ẹ ṣọ́ra gidi. Iye tó pọ̀ jù ní Highbury ni 73,295, ọjọ́ 9 oṣù Kẹta 1935, pẹ̀lú Sunderland. Ní òpin ayé pápá yẹn, 38,419 péré ló ń gbà. Pápá kan náà ni. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé èèyàn dúró láyé ijọ́un. Lẹ́yìn ikú àwọn òǹwòran ní Hillsborough lọ́dún 1989, ìròyìn Lord Justice Taylor mú kí òfin sọ pé kí gbogbo èèyàn jókòó. Wọ́n wó North Bank, àtẹ̀gùn ìdúró apá àríwá, lọ́dún 1992, wọ́n sì fi àwòrán èrò ńlá kan bo ibi tí wọ́n ti ń kọ́lé. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ gbé àwòrán náà síbẹ̀, ojú èèyàn dúdú kò sí nínú rẹ̀. Àwọn èèyàn rí i, wọ́n sọ̀rọ̀, wọ́n sì tún un kùn. Ẹ kọ èyí náà sílẹ̀, torí ìtàn ẹni tó wà lórí àtẹ̀gùn wà lára ìtàn pápá, a sì ti wà lórí àtẹ̀gùn yẹn tipẹ́tipẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó ya àwòrán wa.

Àyè ló lé wọn kúrò níbí. Ẹ yí ọrùn yín padà lórí Avenell Road: ilé àwọn èèyàn ló wà lẹ́yìn yín, ìgbésẹ̀ díẹ̀ sí ògiri pápá. Kò sí ibi tí wọ́n lè fẹ̀ sí. Ìjọba sì ti fi ibi ìjókòó ìlà-oòrùn sí abẹ́ ààbò lọ́dún 1997, nítorí náà wọn kò lè wó o. Ìdí kan náà ni ó fi ṣì dúró. Wọ́n wó North Bank àti Clock End tó wà ní apá gúúsù, wọ́n sọ ìyókù di ilé gbígbé tí wọ́n ń pè ní Highbury Square, ibi tí pápá wà sì di ọgbà. Ẹ lè yọjú wo ọgbà náà láti ẹnu géètì. Ẹ má tẹ̀lé ẹ̀yìn ẹni tó ń wọlé, ilé wọn ni. Ibi tí ẹ ti ń rí òdòdó yẹn ni Thierry Henry ti gbá góòlù mẹ́ta wọlé Wigan ní ọjọ́ 7 oṣù Karùn-ún 2006, 4-2, ìdíje ìkẹyìn níbẹ̀. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀: *àìsí àyè*.

Sí ojú ewé àyálò: nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, White Hart Lane ti Tottenham ni wọ́n ti gbá ìdíje ilé, torí ìjọba gba Highbury, bọ́ǹbù sì bà á. Láti 1998 sí 1999, Wembley ni wọ́n ti gbá ìdíje Champions League. Ibẹ̀ ni èrò 73,707 ti wo ìdíje pẹ̀lú Lens ní ọjọ́ 25 oṣù Kọkànlá 1998, iye yìí sì ga ju ti Highbury lọ. Bí ẹnì kan bá bi yín léèrè iye òǹwòran tó pọ̀ jù tí Arsenal ní nílé, ẹ kọ́kọ́ bi í pé, ilé wo?

Ashburton Grove

Láti Highbury dé Emirates, tí wọ́n kọ́ sí Ashburton Grove, kò ju ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Ẹ gba Drayton Park, kí ẹ gun ọ̀kan nínú àwọn afárá tó kọjá ojú irin. Ẹ dúró ní àárín afárá: ojú irin gba ẹ̀gbẹ́ méjèèjì pápá náà kọjá, bí ìgbà tí èèyàn há nǹkan sí àárín ìka. Ibi tí wọ́n ń kó pàǹtírí àdúgbò jọ sí wà níbí tẹ́lẹ̀, wọ́n ní láti kọ́ òmíràn sí Hornsey Street kí wọ́n tó lè bẹ̀rẹ̀. Gbogbo rẹ̀ ná wọn £390 mílíọ̀nù. Ìdíje àkọ́kọ́, ọjọ́ 22 oṣù Keje 2006, ni wọ́n fi yẹ́ agbábọ́ọ̀lù wọn Dennis Bergkamp sí pẹ̀lú Ajax. Olof Mellberg ti Aston Villa ló sì gbá góòlù líìgì àkọ́kọ́ wọlé, ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹjọ, ọ̀mì 1-1. Ó ń gba 60,704 èèyàn báyìí. Bukayo Saka, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí lọ́dún 2001, ilé yìí nìkan ló mọ̀ gẹ́gẹ́ bí agbábọ́ọ̀lù.

Ọ̀fìn ìkẹyìn nínú àkọsílẹ̀ wà nínú orúkọ. *Arsenal Stadium* ni orúkọ Highbury nínú ìwé. Lónìí, nínú ìdíje UEFA, àjọ bọ́ọ̀lù Yúróòpù, *Arsenal Stadium* ni wọ́n tún ń pe Emirates, torí UEFA kì í gba orúkọ ilé iṣẹ́ tí kò bá wọn dòwò pọ̀. Nítorí náà, bí ẹ bá rí orúkọ yẹn nínú ìròyìn, ẹ wo ọdún rẹ̀ kí ẹ tó kọ ọ́ sí ojú ewé kankan. 2006 ni ààlà.

Ẹ rìn yí pápá ká. Ère Chapman, Tony Adams, Henry, Bergkamp àti Arsène Wenger wà níta, owó kankan kò sí fún wíwò wọn. Ẹ wá apá Clock End, kí ẹ wo aago tó wà níta ògiri. Aago Highbury gan-an nìyẹn. Ní 1930 ni wọ́n kọ́kọ́ gbé e sí Highbury, ní 1935 wọ́n gbé e lọ sí apá gúúsù, apá náà sì gba orúkọ rẹ̀. Nígbà tí ẹgbẹ́ kó ẹrù, ó tẹ̀lé wọn. Èyí tó tóbi tó wà nínú pápá, àdàkọ rẹ̀ ni, 2010 ni wọ́n gbé e síbẹ̀. Ẹ ya fọ́tò ti ìta, kí ẹ kọ àkókò tó ń sọ sí abẹ́ ojú ewé ìkẹyìn nínú ìwé yín, kí ẹ sì gba Holloway Road lọ wọ ọkọ̀ ilé.